Bí Ẹni Tí Kò Ṣe Irú Rẹ̀ Rí Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Títa Ọkọ̀ ní Súrùlérè, Yábà àti Múṣin

Nínú àwọn iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ lè dáwọ́ lé ní ìlú Èkó láìní owó ìdókòwò lọ́wọ́, iṣẹ́ bíbá ènìyàn ta ọkọ̀ wà lára èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù lọ. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí yunifásítì, kò béèrè pé kí ènìyàn ti ṣe é rí, kò sì béèrè pé kí ó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá gba Funsho Williams Avenue kọjá ní Súrùlérè (àwa tí a ti dàgbà díẹ̀ ṣì ń pè é ní Western Avenue), tàbí tí ó gba òpópónà Ìkòròdú láti Jíbówú lọ sí ìhà Anthony, yóò rí àwọn ọgbà tí wọ́n to ọkọ̀ sí, tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì ti nù títí ó fi ń dán. Nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin, àti àwọn ọ̀dọ́bìnrin díẹ̀, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti so ẹni tí ó ní ọkọ̀ pọ̀ mọ́ ẹni tí ó ń wá ọkọ̀ rà. Alágbàtà ni àwọn baba wa ń pe ẹni tí ó ń ṣe irú òwò báyìí.

Ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu náà ni ewu iṣẹ́ náà. Nítorí pé ẹnikẹ́ni lè wọlé, ọ̀pọ̀ ń wọlé láìmọ ohun tí wọ́n ń tà. Ẹni tí ó wá ra ọkọ̀ lè jẹ́ olùkọ́ tí ó ti ń dá àjọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tàbí awakọ̀ tí ó fẹ́ fi ọkọ̀ náà bọ́ ìdílé rẹ̀. Bí ìwé ọkọ̀ bá jẹ́ ayédèrú, tàbí tí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti olè, owó onítọ̀hún ti wọgbó nìyẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bá a dá sí ọ̀rọ̀ náà ni àwọn ọlọ́pàá yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ìdí nìyí tí àlàyé yìí fi dá lórí yíyẹ ọkọ̀ àti ìwé rẹ̀ wò ju bí a ṣe ń fi ẹnu dídùn tajà lọ. Ẹnu dídùn kì í sábà wọ́n ọmọ Èkó.

Ibi tí òwò náà ti ṣẹ̀ wá

Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé òmìnira, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bíi CFAO, SCOA, Leventis, Mandilas àti R. T. Briscoe ni ó ń ta ọkọ̀ tuntun fún àwọn ará Èkó. Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ìhà Ọ̀jọ́, ní òpópónà Badagry. Ọdún yẹn kan náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Volkswagen kékeré tí a ń pè ní Ìjàpá, àti Peugeot 504, kún ìgboro nígbà náà. Lẹ́yìn tí owó náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ ní ọdún 1986, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára òṣìṣẹ́ lásán, ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun sì gba ọjà. Àwọn ènìyàn wa fún un ní orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí a bí sí ìlú òyìnbó tí a sì gbé padà wálé: Tòkunbọ̀. Láti ìgbà náà ni òwò ọkọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan, tí ó sì di ohun tí ẹni tí ó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà lè ṣe.

Ẹni tí a sábà máa ń tọ́ka sí nínú òwò yìí ni Olóyè Michael Adé Òjó, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣàkóso òwò ní Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka, ó sì jáde ní ọdún 1965. Ó ṣiṣẹ́ ní CFAO, ó tún ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ epo BP, kí ó tó dá Elizade sílẹ̀ ní ọdún 1971. Orúkọ ìyàwó rẹ̀, Elizabeth, àti Adé tí ó jẹ́ orúkọ tirẹ̀ ni ó pa pọ̀ di Elizade. Ilé-iṣẹ́ náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú títa ọkọ̀ Toyota, yunifásítì tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà sì wà ní Ìlárá-Mọ̀kín lónìí. Àwọn tí ń sọ ìtàn yìí fún ọ̀dọ́ máa ń sáré dé ibi ọrọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ fi ọkàn sí ni ọdún mẹ́fà tí ó wà láàárín 1965 sí 1971, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn.

Wíwọ ọgbà

Kí ẹ tó lọ béèrè iṣẹ́ ní ọgbà ọkọ̀ kan, ẹ kọ́kọ́ rìn yí i ká bí ẹni tí ó fẹ́ rajà. Ṣé orúkọ òwò wà lára pátákó ìta? Ṣé orúkọ kan náà ni ó wà lórí ìwé ẹ̀rí ìsanwó tí wọ́n ń já fún oníbàárà? Ta ni ó ni àwọn ọkọ̀ tí ó wà nílẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ ọgbà, díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ni ó jẹ́ ti ọ̀gá. Ìyókù jẹ́ èyí tí àwọn ẹlòmíràn gbé wá kí wọ́n bá wọn tà. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọ̀gá lè sọ orúkọ ẹni tí ó ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láìfikùn lọ́rọ̀. Bí ó bá ń yí ìbéèrè yín síbìí síbẹ̀, ẹ wá ọgbà mìíràn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá ọ̀gá sọ ọ̀rọ̀ owó yanjú. Àwọn kan ń san owó oṣù kékeré pẹ̀lú kọmíṣọ̀n lórí ọkọ̀ tí ẹ bá tà. Àwọn mìíràn kò san ohunkóhun àfi kọmíṣọ̀n. Oṣù kan lè kọjá láìsí ọkọ̀ kan tí ó kúrò nílẹ̀, pàápàá nígbà tí owó dọ́là bá gbówó lórí tí ìdíyelé ọkọ̀ sì ń yí padà lójoojúmọ́. Ẹni tí ó ní ẹbí láti bọ́ kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó lè fi ọjọ́ Sátidé, tí ọjà máa ń gbóná, bẹ̀rẹ̀ ná.

Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tòótọ́ ni ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe aláìní. Ẹ óò máa gbé ọkọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ọgbà, ẹ óò sì máa jókòó ti oníbàárà nígbà tí ó bá ń wa ọkọ̀ wò lójú títì. Ọkọ̀ tí a kò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti máa rìn kiri láìní nọ́ńbà. Nọ́ńbà pàtàkì kan wà fún àwọn oníṣòwò ọkọ̀, ọ̀gá ọgbà ni ó sì yẹ kí ó gbà á.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yín yóò dà bí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ óò fọ ọkọ̀, ẹ óò tan ẹ́ńjìnnì wọn láàárọ̀ kí bátìrì má baà kú, ẹ óò wo afẹ́fẹ́ inú táyà. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń ka èyí sí ìwọ̀sí, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kọ́ tí ó jù ú lọ. Ẹni tí ó ń tan ọkọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le àti èyí tí ó ń ṣàìsàn, kódà bí ó bá di ojú rẹ̀. Ẹ lo àǹfààní pé Ládípọ̀ wà ní Múṣin. Ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ yìí jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ la ojú rẹ̀. Ẹ bá mẹkáníìkì tí ẹ mọ̀ lọ síbẹ̀, kí ẹ wo iye tí wọ́n ń ta jíà Corolla, iye tí wọ́n ń ta iná iwájú Camry, àti bí a ṣe ń mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Nígbà tí oníbàárà bá sọ pé jíà ọkọ̀ yìí kò dára, ẹni tí ó mọ iye owó jíà yóò mọ iye tí ó yẹ kí ó yọ kúrò lórí owó ọkọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò kàn máa búra ni.

Ẹ tún kọ́ èdè ìgboro. Camry tí wọ́n ṣe láàárín 2007 sí 2011 ni wọ́n ń pè ní Muscle, èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ni Big Daddy. Honda Accord ti 2003 sí 2007 ni End of Discussion. Ìyá oníṣòwò kan lè wọlé wá kí ó sọ pé Muscle dúdú ni òun ń wá. Kò yẹ kí ẹ máa wo òun bí ẹni tí ó ń sọ èdè àjèjì.

Nọ́ńbà ṣáàsí

Bí a bá ní kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́ ohun kan ṣoṣo dunjú kí ó tó sọ̀rọ̀ níwájú oníbàárà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní nọ́ńbà ṣáàsí, tí àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń pè ní VIN. Láti ọdún 1981 ni ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ti ń ní nọ́ńbà onílẹ́tà àti òǹkà 17. Ẹ óò rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ìhà awakọ̀, ẹ óò sì tún rí i lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n mú fún 1 tàbí 0. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́ta yìí, ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ti fi ọwọ́ kan nọ́ńbà náà, tàbí pé ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé ṣe àṣìkọ.

Àmì àkọ́kọ́ ń sọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà: 1, 4 tàbí 5 fún Amẹ́ríkà, 2 fún Kánádà, J fún Japan, W fún Jámánì. Ìdí nìyí tí ẹ óò fi rí Toyota tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, tí ẹ óò sì rí ìkejì rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J. Àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún fún ọkọ̀ ọjà Amẹ́ríkà. A dúró fún 2010, B fún 2011, C fún 2012, a ó sì máa kà á lọ bẹ́ẹ̀ dé H tí í ṣe 2017. Nítorí pé a fo I, J ni 2018. Bí ọ̀gá bá ní ọkọ̀ kan jẹ́ 2015, tí àmì kẹwàá sì jẹ́ D, 2013 ni ọkọ̀ náà, oníbàárà sì fẹ́ san owó ọdún méjì tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún yìí kan òfin pẹ̀lú. Ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí a kó ọkọ̀ àlòkù tí ó ti lé ní ọdún 12 láti ìgbà tí a ti ṣe é wọ orílẹ̀-èdè yìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni òfin sì ti dá gbígbé ọkọ̀ wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀ dúró. Ojú omi nìkan ni ọ̀nà. Ọkọ̀ tí ó gba èbúté Kútọnu tí ó sì gba Ṣẹ̀mẹ̀ wọlé lẹ́yìn ọjọ́ náà jẹ́ ẹrù fàyàwọ́, bó ti wù kí ó dán tó. Ní ọdún 2019, àwọn aṣọ́bodè ti ọ̀pọ̀ ọgbà ọkọ̀ pa kí wọ́n lè yẹ ìwé owó-bodè àwọn ọkọ̀ inú wọn wò. Nítorí náà, ẹ gba ìwé owó-bodè ọkọ̀ tòkunbọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ìka tọ nọ́ńbà inú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ti ara ọkọ̀. Ẹ má ṣe fi ojú fò ó. Lẹ́tà kan tí ó yàtọ̀ tó láti sọ ọkọ̀ di ẹjọ́.

Nọ́ńbà yìí kan náà ni ó ń tú àṣírí ìgbésí-ayé ọkọ̀ ní òkè òkun. Àjọ tí ó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, NHTSA, ní ojúlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti lè tẹ nọ́ńbà náà sí lọ́fẹ̀ẹ́ láti mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ti ní kí wọ́n dá a padà fún àtúnṣe. Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Àwọn báàgì afẹ́fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Takata ti Japan ṣe, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ Honda, Toyota àti ọkọ̀ mìíràn, máa ń bú gbàmù nígbà mìíràn tí wọ́n sì ń fọ́n irin sí awakọ̀ lára. Ènìyàn ti kú nípa rẹ̀. Púpọ̀ nínú irú ọkọ̀ wọ̀nyí ti dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Carfax náà ń ta ìtàn ọkọ̀: ìjàǹbá tí ó ti ní, iye ìgbà tí wọ́n ti tà á, àti bóyá ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti kà á kún ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọkọ̀.

Fífi ojú àti ọwọ́ yẹ ọkọ̀ wò

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí a tó tàn án. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń tajà máa ń mú un gbóná sílẹ̀ de oníbàárà, nítorí pé àìsàn ẹ́ńjìnnì máa ń hàn nígbà tí ó bá tutù. Èéfín aláwọ̀ búlúù fi hàn pé ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró fi hàn pé omi ń wọ inú rẹ̀. Dúdú fi hàn pé epo tí ó ń jó ti pọ̀ jù. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì: bí ẹ bá rí ohun tí ó dà bí ògì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì nìyẹn.

Ẹ wo mítà tí ó ń ka ìrìn ọkọ̀, kí ẹ sì rántí pé máìlì ni ti Amẹ́ríkà. 100,000 máìlì jẹ́ nǹkan bíi 160,000 kìlómítà. Bí mítà bá ní 60,000 tí rọ́bà ẹsẹ̀ búréèkì sì ti jẹ tán pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ ènìyàn ni ẹ gbọ́dọ̀ gbà gbọ́, kì í ṣe mítà. Ní ti ọ̀dà, ohun tí àwọn ará ọjà ń pè ní first body ni ọkọ̀ tí a kò tíì kùn láti ìgbà tí ó ti kúrò nílé-iṣẹ́. Ẹ fi ọwọ́ pa etí ilẹ̀kùn; ẹ wo àwọn bóòtù inú bọ́nẹ́ẹ̀tì bóyá sípánà ti kàn wọ́n.

Ọkọ̀ tí omíyalé ti bò ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù lọ. Lẹ́yìn ìjì líle tí wọ́n pè ní Harvey ní ọdún 2017, omi bo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ìlú Houston àti agbègbè rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dé ọjà gbàǹjo, owó pọ́ọ́kú ni a sì ń rà á. Yóò dán, yóò tàn, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni wáyà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé ìpẹ̀kun kí ẹ wo àbàwọ́n ẹrẹ̀. Ẹ gbé táyà àpọ̀jù inú búùtù sókè kí ẹ wo ibi tí ó jókòó sí. Ẹ wo ìpẹtà abẹ́ ìjókòó. Òórùn lọ́fíńdà tí ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ yẹ kí ó bà yín lẹ́rù.

Ọkọ̀ tí a ti lò ní Nàìjíríà ní ìṣòro tirẹ̀, ìwé ni ó sì wà níbẹ̀ jù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹ̀rí níní ọkọ̀ ni ó yẹ kí ó fọwọ́ sí títà rẹ̀, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ tirẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ti di olóògbé, ọmọ tàbí àbúrò kò lè dá ta ọkọ̀ náà láìsí ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ tí ó fún wọn ní agbára lórí ogún. A mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yóò bínú bí a bá béèrè rẹ̀. Ó sàn kí ó bínú lónìí ju kí àwọn àbúrò rẹ̀ wá pẹ̀lú ọlọ́pàá lọ́la. Ó tún ṣeé ṣe kí báńkì ṣì ní gbèsè lórí ọkọ̀. Ibi tí a ń forúkọ dúkìá tí a fi ṣe ìdúró sílẹ̀ sí, èyí tí a ń pè ní National Collateral Registry, ni a ti lè ṣe ìwádìí rẹ̀. Gbígba ẹrù olè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó.

Oníbàárà àti owó rẹ̀

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ sísọ kò le mọ́. Bí oníbàárà bá béèrè pé, "Ṣé ọkọ̀ yìí kò ní wàhálà?", ìdáhùn tí ó dára jù ni, "Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín wá wò ó, mà. Ohun tí èmi rí nìyí." Kí ẹ wá ka àléébù tí ẹ mọ̀ fún un. Òfin ìdíje òwò àti ìdáàbòbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe, ti ọdún 2018, béèrè pé kí ẹni tí ó ń ta ohun àlòkù tàbí ohun tí a tún ṣe sọ ọ́ kedere pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Yàtọ̀ sí òfin, oníbàárà tí ó ti gbọ́ àléébù kékeré lẹ́nu yín kì í sábà ṣiyèméjì nígbà tí ẹ bá sọ pé ẹ́ńjìnnì dára.

Nípa kọmíṣọ̀n, ọ̀nà méjì ni ó gbilẹ̀. Nínú ọ̀kan, ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò san iye kan tí a ti jọ fẹnu kò sí. Nínú èkejì, yóò dá iye tí òun fẹ́ gbà, alágbàtà yóò sì gbé tirẹ̀ lé e láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èrò tiwa ni pé ọ̀nà kejì yìí ni ó ń fa ìjà jù lọ ní ọjà. Ọjọ́ tí oní-ọkọ̀ àti ẹni tí ó rà á bá pàdé ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, àṣírí yóò tú. Ẹ jẹ́ kí kọmíṣọ̀n yín wà nínú ìwé.

Ẹ má ṣe gba owó ọkọ̀ sínú àpò ìfowópamọ́ ara yín. Kí oníbàárà san án sí ti ọgbà tàbí ti oní-ọkọ̀, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Òfin tí ó ń dènà fífọ owó àìmọ́, ti ọdún 2022, kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti san tàbí láti gba owó tí ó lé ní N5,000,000 lọ́wọ́. Ti ilé-iṣẹ́ jẹ́ N10,000,000. Ohun tí ó bá ju èyí lọ gbọ́dọ̀ gba báńkì. Òfin kan náà dárúkọ àwọn oníṣòwò ọkọ̀ láàárín àwọn tí ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka àjọ EFCC tí ó ń mójú tó irú òwò báyìí. Bí ẹnìkan bá gbé àpò owó wọlé láàárọ̀, tí kò béèrè ọdún ọkọ̀, tí kò yọwó, tí kò sì fẹ́ kí orúkọ òun wà nínú ìwé, kì í ṣe oríire ni ó dé bá yín.

Nígbà tí ọjà bá ti pé, iṣẹ́ kò tíì parí. Àjọ tí ó ń rí sí ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, MVAA, ni ẹ óò bá oníbàárà dé fún nọ́ńbà tuntun tàbí fún yíyí orúkọ oní-ọkọ̀ padà. Ìdójútòfò tí ó kéré jù tí òfin béèrè, èyí tí ó wà fún ẹni tí ọkọ̀ bá ṣe léṣe, di N15,000 lọ́dún fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara ẹni láti oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹ rí i pé ojúlówó ni ó rà. Àyẹ̀wò ìlera ọkọ̀ wà ní àwọn ibùdó LACVIS. Alágbàtà tí ó bá fi ọjọ́ kan tẹ̀lé oníbàárà dé gbogbo ibi wọ̀nyí ni oníbàárà náà yóò júwe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti fún ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀. Joe Girard, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta Chevrolet ní agbègbè Detroit ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963 láìmọ iṣẹ́ náà rí, ta ọkọ̀ 1,425 ní ọdún 1973 nìkan, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ni káàdì ìkíni tí ó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ti ra ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, lóṣooṣù. Ní tiwa, ìpè lórí fóònù láti béèrè bí ọkọ̀ ti ń ṣe tó.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà ń kọ́kọ́ rí ọkọ̀ lórí fóònù kí wọ́n tó rí i lójúkojú, lórí WhatsApp tàbí lórí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì bíi Jiji, tí ó ra Cars45 ní ọdún 2021. Ẹ ya àwòrán ọkọ̀ náà gan-an ní ojú ọ̀sán, àti ibi tí ó ha lára rẹ̀. Ẹ má ṣe jí àwòrán ọkọ̀ ẹlẹ́ni lò. Ọgbà ni kí ẹ ti pàdé ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, ní ojúmọmọ. Kí ẹ sì ya àwòrán ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ kí ó tó di ọwọ́ mú ọkọ̀ láti wà á wò.

Ẹni tí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́, tí ó fẹ́ dá dúró, yóò forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, yóò sì lọ sọ́dọ̀ SCUML. LSETF, owó ìrànwọ́ ìgbanisíṣẹ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2016, ń ṣètò ẹ̀yáwó fún òwò kéékèèké àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Aáwọ̀ láàárín ẹni tí ó tajà àti ẹni tí ó rà á ni a lè gbé lọ sọ́dọ̀ LASCOPA, àjọ tí ó ń dáàbò bo oníbàárà ní ìpínlẹ̀ yìí, kí ó tó di ti ilé-ẹjọ́. Kọmíṣọ̀n náà jẹ́ owó tí a ń san owó-orí lé lórí. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìròyìn owó tí ó wọlé fún un sí LIRS, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdọọdún.